Àwo orin folk àti pop-punk tí ẹ máa ń gbọ́ tán láìfo ọ̀kankan: ẹ wá dárúkọ tiyín

ỌmọRẹ́mọ (Ṣágámù)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Àwo orin ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Mi ò sọ orin ẹyọ kan tí wọ́n gé kúrú fún TikTok o. Odindi àwo ni mò ń wí, èyí tí èèyàn á tẹ̀ láti orin àkọ́kọ́, tí kò ní fo ọ̀kan títí á fi parí. Irú méjì ni kí ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́: folk, orin gìtá àti ohùn tó ń sọ ìtàn ọmọ aráyé, àti pop-punk, orin gìtá oníná tó yára, tó ń pariwo, àmọ́ tí ègbè rẹ̀ máa ń dùn ún gbè.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi lélẹ̀ ná. Tracy Chapman, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, 1988. "Fast Car" ni gbogbo ayé mọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ná Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde pàápàá á yí rédíò sókè tó bá gbọ́ ọ. Àmọ́ orin mọ́kànlá ló wà nínú àwo náà. Ẹ gbọ́ "Behind the Wall". Kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí ìlù, ohùn obìnrin náà nìkan ló dá dúró. Aládùúgbò ló ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ igbe obìnrin tí wọ́n ń lù lẹ́yìn ògiri lóru, ó sì mọ̀ pé tí òun bá pe ọlọ́pàá, wọn ò ní tètè dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orin yẹn, ńṣe ni mo dá fóònù dúró, torí mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà di olókìkí náà dára ún gbọ́. Ní 11 oṣù Kẹfà 1988, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin fún àádọ́rin ọdún Nelson Mandela ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Mandela alára ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Chapman ti kọ tirẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó kan Stevie Wonder, ohun kan nínú ẹ̀rọ tó fi ń ṣeré ti sọnù, kò lè gun orí ìtàgé. Ni wọ́n bá ní kí ọmọbìnrin yìí padà jáde. Òun àti gìtá rẹ̀ nìkan ló dojú kọ èrò tó kún pápá náà, àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé sì rí i. Láti ìgbà yẹn ni àwo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí tà wìtìwìtì.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: ẹ dárúkọ àwo, ẹ sọ ọdún rẹ̀, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀, ẹ sì sọ orin tí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Dátà ti wọ́n, kò yẹ kéèyàn máa gbọ́ ohun tí kò dára.

Onígìtá (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ibi pop-punk ni mo dúró sí. Green Day, *Dookie*, 1 oṣù Kejì 1994.

Mò ń kọ́ gìtá lọ́wọ́, àwo yìí ló sì jẹ́ kí n gbà pé mo lè mọ̀ ọ́n ta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kọ́ọ̀dù oníka mẹ́rin tó ń mú ọwọ́ ro èèyàn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú *Dookie*, kọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù kò gbà ju ìka méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀là tẹ okùn tó nípọn jù, ẹ fi ìka òrùka tẹ okùn tó tẹ̀lé e, kí àlàfo kan ṣófo láàárín wọn. Ọwọ́ ò ní yí padà mọ́, ńṣe ni ẹ ó máa sún un lọ sún un bọ̀ lórí ọrùn gìtá. Ọwọ́ ọ̀tún ló ni iṣẹ́. Ẹ ó máa gbá okùn láti òkè wá sísàlẹ̀ nìkan, kíákíá, láìsinmi, ẹ ó sì fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó ti so mọ́ ara gìtá, kí ohùn rẹ̀ má baà gbalẹ̀. Bí Billie Joe Armstrong, tó ń lé orin nínú ẹgbẹ́ náà, ṣe bẹ̀rẹ̀ "Basket Case" gan-an nìyẹn, òun àti gìtá nìkan, kí ìlù Tré Cool tó já wọlé.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà kì í ṣe eré o. Ìjayà òjijì ló ń bá Armstrong jà, ó ń rò pé orí òun ti fẹ́ dàrú. Ègbè rẹ̀ dùn débi pé èèyàn á ti máa gbè é kó tó mọ̀ pé ìrora ni ẹni yìí ń sọ. Mo mọ àwọn tó wà ní ilé-ìwé pẹ̀lú mi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe, tí wọn kò lè sọ ọ́ nílé.

Kí wọ́n tó ṣe *Dookie*, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Lookout ló ń gbé orin wọn jáde, gbọ̀ngàn 924 Gilman Street ní Berkeley, California, sì ni ilé wọn. Nígbà tí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, gbọ̀ngàn náà kò jẹ́ kí wọ́n ṣeré níbẹ̀ mọ́, torí òfin ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó bá wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ gun ìtàgé wọn. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí Green Day ṣẹ̀. Orin tó dára ni wọ́n gbé lọ síbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti gbọ́ ọ.

Ẹ fi "When I Come Around" bẹ̀rẹ̀ tí ariwo bá ń dẹ́rù bà yín.

Adúnní (Ìkẹ́nnẹ́)

Àbúrò mi Onígìtá, o kú àlàyé. Mo gbọ́ "Basket Case" lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán. Orin náà yé mi, ariwo rẹ̀ ni kò bá mi lára mu. Ẹni tó ti wà lọ́jà láti àárọ̀, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọlọ́kadà ti kún etí rẹ̀, ohùn tó máa tù ú lára ló ń wá tó bá délé.

Aṣa, olórin obìnrin ọmọ ilẹ̀ wa, ni tèmi, àwo tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, 2007. Cobhams Asuquo ló bá a ṣe é. Ẹ kíyè sí bí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe jókòó pọ̀ nínú àwo yẹn láìjẹ́ pé ọ̀kan ń ṣe ẹ̀ṣọ́ fún èkejì. "Jailer" ló ṣáájú, ó ń sọ fún ẹni tó de ọmọlàkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé òun náà ò sí lómìnira. Tó bá dé "Eye Adaba", ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù tì. Àdúrà àárọ̀ ni. Òun ni mo fi ń jí àwọn ọmọ mi kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé, wọn kì í sì í bínú dìde.

ỌmọRẹ́mọ (Ṣágámù)

Àǹtí Adúnní, ẹ ṣeun. Mo fara mọ́ yín lórí "Eye Adaba". Èmi gba "Fire on the Mountain" mọ́ ọn.

Bàbá Àpàlà (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí, òun ló sì ń bá mi tẹ èyí.

Ẹ̀ ń wá orin onítàn lọ sí Amẹ́ríkà, kò burú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yà sílé wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna Ishola, olórin àpàlà. Ní 1948 ni ilé-iṣẹ́ HMV gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, orin lórí Ọba Adébóyè, Orímọlúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tà. Haruna ò tìtorí ẹ̀ jáwọ́, ó ń ti òde kan bọ́ sí òmíràn títí orúkọ rẹ̀ fi kàn. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba ti wàjà, ó tún orin náà gbà, ìgbà yìí làwọn èèyàn wá rọ́ lọ rà á.

Àwo tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni *Oroki Social Club*, 1971, ilé-iṣẹ́ Decca. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ló fi kọ. Wọ́n máa ń sọ pé ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹ má fi í sábẹ́ ọ̀rọ̀ o, ẹ jókòó gbọ́ ọ. Ẹ fetí sí agídìgbo nísàlẹ̀, òun ló di gbogbo rẹ̀ mú. Gángan á máa dá a lóhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn elégbè á gbè é lábẹ́lẹ̀. Haruna kì í pariwo. Ìjókòó ló ti ń kọrin, bí àgbàlagbà tó ń parí ìjà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, á fa òwe kan yọ, á fi í sílẹ̀ kí ìlù tún un sọ, á tún fa òmíràn.

Ìwọ ọmọ mi Onígìtá tó ń sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré, ní 1969 ni Haruna àti I. K. Dairo ti dá Star Records sílẹ̀, kí olórin lè rí nǹkan mú nínú òógùn ojú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù ìparí àwọn ọdún 1970 títí wọ àwọn ọdún 1980, ẹ yí páálí wọn sẹ́yìn. Ẹ ó rí Phonodisk, Ìjẹ̀bú-Igbó, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú wa níbí ni sítúdíò náà wà, olórin ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀.

Tísà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo fẹ́ fi àwọn obìnrin kún un, torí a ò dárúkọ wákà rárá. Batile Alake, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni oníwákà àkọ́kọ́ tó gbé àwo jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Salawa Abeni, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú létí omi. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa ní oṣù Kejì ọdún náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Àwo náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí orin ṣe lè gbé ìròyìn àti ẹkún pọ̀, ibẹ̀ ni kó lọ.

Àmọ́, bàbá, ẹ fojú fo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dá: mi ò gbà pé ká dúró sílé nìkan. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì kò ní gbọ́ àpàlà torí pé a ní kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n nílò. Beautiful Nubia ni mo fi ń mú wọn wọlé: *Seven Lifes* ti 1997, lẹ́yìn rẹ̀ *Jangbalajugbu* ti 2002. Dókítà ẹranko ló kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Roots Renaissance Band sì ń fi gìtá àti ìlù ilẹ̀ wa kọ orin tí ọmọdé lè kọ tẹ̀lé. Ọmọ tó bá ti fẹ́ràn *Jangbalajugbu*, ẹ gbé Haruna fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó máa jókòó gbọ́ ọ.

Kọ́pà (Ṣágámù)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kọ́pà ni mí, ìpàgọ́ Ṣágámù ni wọ́n pín mi sí, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ sí ìtòsí níbí láti ṣiṣẹ́. Jimmy Eat World, *Bleed American*, 2001.

Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde tẹ́lẹ̀ ti jọ̀wọ́ wọn. Owó ara wọn ni wọ́n fi gba àwo yìí sílẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣeré kiri láti rí i san. Inú ipò yẹn ni "The Middle" ti jáde, orin tó ń sọ fún ẹni tí ayé ti pa tì pé kó fara balẹ̀, àárín ìrìn-àjò ló ṣì wà. Èmi tí mò ń ronú ohun tó kàn lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, kò sí orin tí mo máa ń tẹ̀ láàárọ̀ ju òun lọ. Lẹ́yìn ìkọlù 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n yí orúkọ àwo náà padà sí orúkọ ẹgbẹ́ nítorí bí ti àkọ́kọ́ ṣe máa dún létí èèyàn. Torí náà, orúkọ méjèèjì lẹ lè bá pàdé.

Nọ́ọ̀sì (Ìlíṣàn)

Ọkùnrin ló kún inú pop-punk tí ẹ̀ ń dárúkọ. Paramore, *Riot!*, 2007. Hayley Williams ló ń lé, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí àwo náà jáde. Ìlú Franklin ní Tennessee ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lágbára débi pé gìtá ò lè bò ó mọ́lẹ̀.

"Misery Business" ló sọ wọ́n di ńlá, ohun tó sì mú kí n bọ̀wọ̀ fún Williams ni pé nígbà tó dàgbà, ó rí i pé ìlà kan nínú orin náà ń bú obìnrin bíi tirẹ̀. Ní 2018, wọ́n sọ pé àwọn ò ní máa ṣe é lórí ìtàgé mọ́. Ọdún 2022 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹ fi "That's What You Get" bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fọ aṣọ, iṣẹ́ á yá.

ỌmọÌṣarà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ya folk sọ́tọ̀, ẹ ya pop-punk sọ́tọ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó dárúkọ àwọn tó so méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti The Pogues. *If I Should Fall from Grace with God*, 1988.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1982. Ọmọ Ireland tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Shane MacGowan tó ń lé orin, ó kú ní 30 oṣù Kọkànlá 2023. Wọ́n mú ohun èlò tí àwọn baba wọn fi ń ṣe àríyá lábúlé, àkọ́díọ̀nù, fèrè kékeré onírin, báńjò, wọ́n wá ń lù ú pẹ̀lú ìkánjú àti ìbínú pọ́ńkì. Orin àkọ́kọ́, tó ń jẹ́ orúkọ àwo, á gbé yín fò lórí ìjókòó.

Àmọ́ "Thousands Are Sailing" ni mo torí ẹ̀ kọ èyí. Philip Chevron, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ ọ́. Láàárín 1845 sí 1852, ọ̀dùnkún tó jẹ́ oúnjẹ tálákà ní Ireland jẹrà mọ́ ilẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, ó ju mílíọ̀nù kan tó ṣí lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì gba ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà nínú ọkọ̀ tí wọ́n há mọ́ra, àwọn mìíràn kú sínú rẹ̀. Orin náà ń bá àwọn òkú yẹn sọ̀rọ̀, ó sì ń bá ọmọ Ireland tó ń lọ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, èyí tó dé New York láìní ìwé, tó ń jó, tó ń mutí, tó ń ṣàárò ilé.

Ẹ̀yin ará mi, ta ni nínú wa tí kò ní ẹni tó ti jàpá? Nínú agbo ilé wa ní Ìṣarà, yàrá wà tí wọ́n tì pa, tí ìyá ń gbálẹ̀ ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ọmọ tó wà ní Kánádà. Mo gbọ́ orin yìí lálẹ́ ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí pápákọ̀ òfurufú, mi ò mọ ibi tí omijé ti wá. Kò sí orin Yorùbá tuntun tí mo tíì gbọ́ tó sọ̀rọ̀ àwọn tó lọ àti àwọn tó kù nílé báyìí. Orin tí mo ń gbọ́ lórí ìlọ-sókè-òkun níbí, ìwúrí owó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ Violent Femmes, àwo àkọ́kọ́ wọn, 1983. Gordon Gano, ọmọ pásítọ̀ Baptist, kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ilé-ìwé gíga girama. Gìtá tí kò lo iná, ìlù kékeré, ìbínú ọmọdékùnrin. Kò gba owó rẹpẹtẹ láti ṣe.

Nítorí pé Ìṣarà ni mo ti wá, mi ò ní lọ láìdárúkọ *Unlimited Liability Company*, 1983. Wole Soyinka, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà, ló kọ orin àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, Tunji Oyelana àti ẹgbẹ́ Benders ló sì kọ ọ́. Folk tó ń bá ìjọba wí lójú ara rẹ̀ ni.

Adúnní (Ìkẹ́nnẹ́)

ỌmọÌṣarà, o pa mí lẹ́kún. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Manchester. Mo fi orin náà ránṣẹ́ sí i, kò tíì fèsì, àmì méjèèjì ti di búlúù.

Bàbá Àpàlà (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ọmọ-ọmọ mi fi The Pogues yẹn fún mi gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò yé mi délẹ̀, àmọ́ àkọ́díọ̀nù yẹn yé mi. I. K. Dairo ló mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàríyá láyé ìgbà náà tí kò mọ ohùn rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ẹni tó bá fẹ́ràn èyí tí ỌmọÌṣarà dárúkọ, kó lọ gbọ́ Dairo àti Blue Spots rẹ̀. Tísà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, o sọ òótọ́. Mú wọn wọlé bó o bá ṣe lè mú wọn wọlé.

Ọ̀jẹ̀ (Odògbolu)

Folk yín dára. Pop-punk ni mi ò rí ìdí rẹ̀. Orin ọmọ òyìnbó tó yó tó ń bá ìyá rẹ̀ jà ni. Kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú nínú rẹ̀?

Onígìtá (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ẹnu mi.

Ẹ gbọ́ *Milo Goes to College*, àwo Descendents, 1982. Orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé Milo Aukerman tó ń lé orin ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ kàwé ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ní yunifásítì. Ó lọ, ó kà á dé ojú oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì ń padà wá kọrin. Ilé wo ní Ìjẹ̀bú ni wọn ò ti ní fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yangàn?

Èkejì, a ti ṣe irú rẹ̀ níbí rí. Ní 1973, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College ní Èkó gbé àwo *Try and Love* jáde, ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Ofege. Yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn wọn. Gìtá wọn ń han, ohùn wọn rọ̀, ìfẹ́ àti ìdààmú ọ̀dọ́ ni wọ́n ń kọ. Lọ́dún kan náà ni BLO gbé *Chapter One* jáde, Berkely Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí báàsì. Wọn kì í ṣe pop-punk, irú orin náà kò tíì sí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé gìtá oníná kọ́rùn tó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, ọmọ ilẹ̀ wa náà ti ṣe é. Ìyẹn ló kàn mí, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi fẹ́ kí n fi gìtá sílẹ̀ títí n ó fi gboyè. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu lórí ìwé, mi ò sì fi gìtá sílẹ̀. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ àwọn ọmọ yìí, ó dá mi lójú pé mi ò ṣìwà hù.

Ọ̀jẹ̀ (Odògbolu)

Mo gbọ́ Ofege. O jàre mi lórí ìyẹn. Èyí tó ń jẹ́ Milo, n ó gbọ́ ọ lópin ọ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì (Ìlíṣàn)

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ òru ni mo ní lọ́sẹ̀ yìí. Kí ni mo lè fi sí earpiece kan, lábẹ́lẹ̀, nígbà tí mo bá ń kọ ìwé àwọn aláìsàn? Kò gbọdọ̀ pariwo.

Adúnní (Ìkẹ́nnẹ́)

Nick Drake, *Pink Moon*, 1972. Orin mọ́kànlá, ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n. Gìtá àti ohùn nìkan, àfi dùùrù tó yọjú díẹ̀ nínú orin àkọ́kọ́. Òru méjì ló fi gbà á sílẹ̀ ní 1971. Kò tà nígbà ayé rẹ̀, ó sì kú ní 1974 lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà polówó ọkọ̀ Volkswagen ní 1999 ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ ọ́n. Bẹ̀rẹ̀ láti orin kejì, "Place to Be".

Onígìtá (Àgọ́-Ìwòyè)

Àǹtí Adúnní, mo fẹ́ kọ́ "Place to Be" yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ta á, kó mọ̀ pé Drake kì í de okùn rẹ̀ bí a ṣe ń dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń yí okùn sí ohùn mìíràn, ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀dù tí ẹ mọ̀ kò fi ní bá a mu.

Kọ́pà (Ṣágámù)

Mo ti rí *Oroki Social Club* gbé sórí fóònù, ó dára gan-an. Batile Alake ni mi ò rí èyí tó mọ́, gbogbo èyí tí mo bá pàdé ló ń ha. Ẹni tó bá ní in, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tó mi létí.

Bàbá Àpàlà (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Mo ní méjì, ojú wọn mọ́. Wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀ dání, kí o sì mú Onígìtá wá tí àyè bá gbà á.